Ipasẹ̀ Stuart: Láti Marree dé Attack Creek

Lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 1860, John McDouall Stuart, ọmọ Scotland tó ti fi Gúúsù Ọsirélíà ṣe ilé, gbéra ní Chambers Creek pẹ̀lú ọkùnrin méjì péré, William Kekwick àti Ben Head, àti ẹṣin 13. Àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ọsirélíà ló ń wá, àti ọ̀nà tí èèyàn lè gbà dé òkun àríwá. Ó rí àárín, kò dé òkun. Àwọn Warumungu, tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, ló dá a padà létí odò kékeré kan lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹfà.

Ìrìn-àjò yẹn la tọ̀ níbí, kì í ṣe ti 1862 tó gbé e dé òkun. Ọ̀nà 1860 yìí ni gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e jókòó lé: wáyà tẹligíráàfù ọdún 1872, rélùwéè, àti ọ̀nà mọ́tò òní. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀, omi ni. Omi ọ̀hún sì ti ní onílẹ̀ kí Stuart tó dé. Ẹni tó bá tẹ́ máàpù sílẹ̀ tí kò mọ ibi tí omi wà lórí rẹ̀ kò tíì rí ọ̀nà Stuart.

Kí a tó gbéra

Àsìkò tó dára jù ni oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án, ìgbà òtútù wọn. Ọ̀sán máa ń tó 20 °C, òru sì lè já sí 0 °C, nítorí náà ẹ gbé aṣọ òtútù tó nípọn dání. Kí ẹnikẹ́ni má dán an wò láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Ní Oodnadatta, ooru dé 50.7 °C lọ́jọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 1960, kò sì sí ibi kankan ní Ọsirélíà tó ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà.

Ọkọ̀ méjì ló tọ́, kì í ṣe ẹyọ kan: jíìpù oní-dísù tí ẹ́ńjìnnì ń wa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó sì ní jíà kékeré fún iyanrìn. Táyà tí wọ́n kọ LT sí lára ni kí ẹ lò, nítorí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn ju ti ọkọ̀ ìgboro lọ. Sípíà méjì fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà, gééjì, ohun èlò tí a fi ń dí táyà tó jò, bẹ́líìtì fáànù, họ́ọ̀sì ráidiétọ̀, fílítà dísù àti fílítà afẹ́fẹ́, ṣọ́bìrì, okùn tí a fi ń fa ọkọ̀, àti pátákó tí a ń tì sábẹ́ táyà nínú iyanrìn. Rédíò UHF fún ọkọ̀ méjèèjì kí awakọ̀ iwájú lè kìlọ̀ fún ti ẹ̀yìn. Ìlú nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù wà. Láàárín ìlú sí ìlú, fóònù sátẹ́láìtì ni.

Omi: lítà 7 fún ẹnì kan lóòjọ́, fún mímu àti dídáná. Ẹni mẹ́rin fún ọjọ́ márùn-ún jẹ́ lítà 140, ẹ fi 20 lé e fún ìjàǹbá. Inú kẹ́ẹ̀gì lítà 20 mẹ́jọ ni kí ẹ pín in sí. Bí ẹ bá rọ gbogbo rẹ̀ sínú tánkì kan, ihò kan ṣoṣo láti ara òkúta lè fi yín sílẹ̀ láìní ẹ̀kán kan.

Ní ti dísù, ọkọ̀ tó ń jẹ lítà 13 fún 100 km lórí òkúta wẹ́wẹ́ lè jẹ 18 tàbí 20 nínú iyanrìn. Ibi tó jìn jù láti ilé epo sí ilé epo nínú ìrìn-àjò yìí kò ju nǹkan bíi 470 km lọ, ṣùgbọ́n inú iyanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ rí i pé ọkọ̀ lè gbé lítà 120.

Ẹ tún wo ìròyìn ọ̀nà tí ìjọba ń gbé jáde lójoojúmọ́. Òjò díẹ̀ ti tó láti sọ ilẹ̀ amọ̀ ibẹ̀ di ọ̀bọ̀rọ́ tí táyà kò lè di mú, wọn a sì ti ọ̀nà náà pa. Ẹni tó bá wọ ọ̀nà tí wọ́n tì yóò san owó ìtanràn, ipa jíjìn tí táyà rẹ̀ bá gbẹ́ sílẹ̀ yóò sì gan bí ilẹ̀ bá gbẹ, yóò máa ba ọkọ̀ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ́.

Ọjọ́ Kìíní: Marree sí Coward Springs, bíi 130 km

Oodnadatta Track, ọ̀nà tí a ó kọ́kọ́ tọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní Marree. Hergott Springs ni wọ́n ń pe ìlú yìí tẹ́lẹ̀, láti ara David Hergott, ará Jámánì tó bá Stuart rìn ní 1859. Rélùwéè dé ibẹ̀ ní 1884. Àwọn oníràkúnmí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Afghan ló ń gbé ẹrù láti ibẹ̀ lọ sínú aṣálẹ̀, wọ́n sì kọ́ mọ́sáláṣí síbẹ̀, ọ̀kan lára èyí tó kọ́kọ́ wà ní Ọsirélíà. Orúkọ wọn ni wọ́n gé kù tí wọ́n fi pe ọkọ̀ ojú irin náà ní Ghan.

Ẹ kún táńkì. Kí ẹ tó kúrò lórí ọ̀dà, ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù láti 38 psi sí 28 níwájú àti 32 lẹ́yìn tó ru ẹrù. Táyà tó le gbandi máa ń kọlu òkúta ni, òkúta á sì gé e. Èyí tó rọ̀ díẹ̀ á tẹ̀ yípo òkúta náà, á sì kọjá. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó kéré tí ẹ sì ń sáré, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa gbóná títí á fi bẹ́. Ẹ wọn táyà nígbà tó tutù, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí kan lójú ọ̀nà. Bí ó bá fi ju 6 psi lọ, afẹ́fẹ́ ti kéré jù fún eré tí ẹ ń sá: ẹ fi kún un, tàbí kí ẹ dẹwọ́ eré.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, bíi ti Lọ́ńdọ̀nù. Bí tírélà bá ń bọ̀ níwájú, ẹ yà sí òsì pátápátá, ẹ dín eré kù sí 40. Eré ọkọ̀ méjèèjì tó pàdé ló ń sọ òkúta kékeré di ọta ìbọn tó ń fọ́ gíláàsì iwájú.

Ojú ọ̀nà ti di ìgbì wẹ́wẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 40 km fún wákàtí kan, gbogbo ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Ní 70 sí 80, táyà á máa fò láti orí ìgbì kan dé òmíràn, ìgbọ̀n náà á sì rọlẹ̀, ṣùgbọ́n búréèkì kò ní í mú bó ṣe yẹ, nítorí táyà kò fara balẹ̀ lórí ilẹ̀. Ẹ dín in kù kí ẹ tó dé kọ́nà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ mú sípánà, kí ẹ wo nọ́ọ̀tì tó de ohun tó wà lórí òrùlé, ìdè bátìrì, àti ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti so mọ́ ọkọ̀. Àwọn mẹ́ta yìí ló kọ́kọ́ máa ń tú.

Lẹ́yìn bíi 40 km, ọ̀nà la ọgbà wáyà tí wọ́n fi ń dínà ajá igbó kọjá. Ó gùn tó 5,600 km. Síwájú sí i ni ibi tí a ti lè wo Lake Eyre South láti ẹ̀bá ọ̀nà. Kati Thanda ni àwọn Arabana, tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, ń pe adágún iyọ̀ yìí, ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú rẹ̀ sì fi bíi mítà 15 rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Wọn kò fẹ́ kí àlejò rìn lórí rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ti fìdí ẹ̀tọ́ wọn lórí ilẹ̀ náà múlẹ̀ ní 2012. Etí rẹ̀ la ti wò ó.

Ní Curdimurka, ilé ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ àti ilé gogoro tí wọ́n fi ń tọ́jú omi ṣì dúró. Omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún èròjà tó ń jẹ irin, ó sì ń ba bọ́ílà ọkọ̀ ojú irin jẹ́. Dandan ni kí wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ mọ́ kí ọkọ̀ tó mu ún.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ẹ ó yà sí òsì sí ọgbà Wabma Kadarbu, níbi tí Blanche Cup àti The Bubbler wà. Bí àkókò yín bá kéré, ẹ gé ibòmíràn kù, kì í ṣe ibí. Òkè kékeré ni ìsun kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ kọ́. Omi tó rọ̀ sórí òkè ìlà-oòrùn Ọsirélíà láti ayébáyé ń rìn lábẹ́ àpáta, nínú agbada omi tó tẹ́jú tó mílíọ̀nù 1.7 km níbùú lóròó. Ibi tí àpáta bá ti sán, ó ń tú jáde pẹ̀lú ẹfun tó ti yọ́ sínú rẹ̀. Omi á gbẹ, ẹfun á kù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkìtì náà ṣe ń ga sí i. Blanche Cup jẹ́ adágún róbótó lórí irú òkìtì bẹ́ẹ̀, koríko etí omi sì yí i ká. Ní The Bubbler, iyanrìn ìsàlẹ̀ omi ń wú, ó ń ru bí ẹ̀kọ tó ń hó lórí iná; afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ á bú gbàmù sókè, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Nínú ìtàn àwọn Arabana, ejò ńlá kan ni wọ́n pa níbẹ̀, orí rẹ̀ sì ni òkè tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí pátákó tí wọ́n tẹ́ nìkan ni kí ẹ máa rìn. Ẹsẹ̀ èèyàn ń fọ́ ẹfun etí omi, bó bá sì ti fọ́, omi á wá ọ̀nà míì gbà.

Peter Warburton ti dé àgbègbè yìí ní 1858 ṣáájú Stuart, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Stuart ló kọ́kọ́ rí gbogbo ìsun wọ̀nyí. Ohun tí Stuart ṣe ni pé ó tò wọ́n papọ̀ di ọ̀nà. Kì í ṣí àgọ́ kúrò níbi tí omi wà àfi tí òun tàbí Kekwick bá ti gun ẹṣin lọ síwájú, tó rí omi tó kàn, tó sì padà wá. Ó ń wo ẹyẹ, ó ń wo èéfín, ó ń wo ipa ẹsẹ̀ àwọn onílẹ̀. Omi ló kọ́kọ́ ń wá kó tó tẹ iyanrìn. Ọdún 1860 kan náà ni Burke, òyìnbó míì tó ń wá ọ̀nà òkun àríwá, fi ẹgbẹ́ ńlá, ràkúnmí àti kẹ̀kẹ́ ẹrù gbéra ní Melbourne. Òun àti Wills, igbákejì rẹ̀, kú sétí Cooper Creek ní 1861. Stuart kò pàdánù èèyàn kankan nínú gbogbo ìrìn-àjò tó darí.

A sùn ní Coward Springs. Kànga ìjọba tí wọ́n gbẹ́ níbẹ̀ ní 1886 ló sọ ibẹ̀ di ibi igi déètì àti koríko. Omi tó ń jáde fún ara rẹ̀ wọ inú ìwẹ̀ tí wọ́n fi pákó ojú irin àtijọ́ kọ́.

Ọjọ́ Kejì: Coward Springs sí William Creek, bíi 75 km

Ọ̀nà kúkúrú, ṣùgbọ́n ẹ fi àyè sílẹ̀ fún Strangways Springs. Àwókù ilé-iṣẹ́ tẹligíráàfù wà níbẹ̀, láàárín òkìtì ìsun tó pọ̀ tó ti gbẹ. Charles Todd ló darí iṣẹ́ wáyà náà, bíi 3,200 km láti Port Augusta dé Darwin, orí òpó bíi 36,000. Àmì iná tó ń rin inú wáyà máa ń rẹ̀ bó bá jìn, nítorí náà ní gbogbo ọ̀ọ́dúnrún km tàbí ibi tó sún mọ́ ọn, ẹnì kan ní láti jókòó gbà á kí ó sì tún un tẹ̀ síwájú. Ẹni yẹn nílò omi, ẹran ọ̀sìn rẹ̀ nílò omi. Bí ilé-iṣẹ́ wáyà ṣe wá jókòó sórí ìsun tí Stuart kọ sínú ìwé rẹ̀ nìyẹn.

Ìdí tí ìsun fi ń gbẹ kò farasin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olówó màlúù ń gbẹ́ kànga sí agbada omi yìí tí wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ láìdé, omi ń ṣàn lọ́sàn-án lóru. Ibi ìwakùsà Olympic Dam náà ń fà nínú rẹ̀. Bí omi bá ti dín kù nísàlẹ̀, agbára tó ń tì í sókè á dín kù, àwọn ìsun tó ga jù ló sì máa ń kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n ti ń dé ọ̀pọ̀ kànga wọ̀nyẹn báyìí. Ó yẹ kí wọ́n dé gbogbo rẹ̀.

William Creek jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan, ilé epo àti pápá ọkọ̀ òfuurufú kékeré, láàárín ilẹ̀ màlúù Anna Creek, tó tóbi jù lọ láyé. Bí Kati Thanda bá ní omi lọ́dún tí ẹ lọ, ẹ sanwó wò ó láti òkè.

Ọjọ́ Kẹta: William Creek sí Oodnadatta, 203 km

Àtàárọ̀ ni kí ẹ gbéra bí ẹ bá fẹ́ yà sí The Peake, ilé-iṣẹ́ wáyà tó ti di àwókù, àti Freeling Springs. Stuart ló sọ ìsun náà lórúkọ ní 1859, fún Freeling tó jẹ́ ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ ìjọba. Ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ kún fún àpáta àti gegele, jíà kékeré ni kí ẹ fi rìn ín, kí ẹnì kan sì sọ̀ kalẹ̀ lọ wo iwájú níbi tí omi ti gbẹ́ ilẹ̀. Ògiri òkúta ilé-iṣẹ́ wáyà ṣì dúró lẹ́bàá ìsun.

Lórí ọ̀nà gan-an, ohun tó ń ṣe ọkọ̀ níjàǹbá lónìí ni ipa odò gbígbẹ. Ó máa ń yọ síni lójijì, etí rẹ̀ á ga, eruku lẹ́búlẹ́bú á sì bo kòtò inú rẹ̀ tó fi jọ ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá fi 80 wọ inú rẹ̀ lè ṣẹ́ sípíríǹgì. Ẹ fi ọkọ̀ kejì sẹ́yìn tó 500 m kí eruku tó fà kí awakọ̀ lè ríran. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ yọ fílítà afẹ́fẹ́, kí ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ láti ìta wọ inú. Ọkọ̀ tí kò rí èémí mí á máa rú èéfín dúdú, á sì máa jẹ dísù.

Afárá rélùwéè Algebuckina, mítà 578, ló la odò Neales kọjá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jọni lójú pé wọ́n kọ́ afárá tó gùn tó bẹ́ẹ̀ sórí iyanrìn gbígbẹ, àfi ìgbà tí ẹ bá rí igi tí àgbàrá gbé kọ́ ara òpó rẹ̀. Omi tí kì í gbẹ wà nítòsí afárá náà, ibi tó dára láti jẹun ọ̀sán ni.

Ọjọ́ Kẹrin: Oodnadatta sí Mount Dare, bíi 250 km

Ibí la ti fi Oodnadatta Track sílẹ̀. Rélùwéè dé Oodnadatta ní 1891, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1929 tó fi dé Alice Springs. A gba Hamilton àti Dalhousie Springs, nínú ọgbà ìjọba Witjira. Ẹ ra ìwé-àṣẹ ọgbà aṣálẹ̀ Gúúsù Ọsirélíà sílẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Òkúta pupa dídán ló tẹ́ ilẹ̀ yìí, etí rẹ̀ mú. Psi 26 àti eré 60, kí ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀. Ibí ni táyà ti ń bẹ́ jù.

Dalhousie kò sí lójú ọ̀nà Stuart. Ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ló gbà kọjá láìmọ̀ pé ìsun tó lé ní 100 wà nítòsí. Àwọn tó wá wọn ilẹ̀ fún wáyà ni òyìnbó tó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀. Omi rẹ̀ gbóná tó ara èèyàn. Mount Dare ní dísù, oúnjẹ, àti ẹni tó lè fa ọkọ̀ tó kú. Owó epo ibẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ kún táńkì pátápátá.

Ọjọ́ Karùn-ún: Mount Dare sí Finke

A gba Charlotte Waters, ilé-iṣẹ́ wáyà míì tó ti di àwókù, wọ Northern Territory. Ìlú Finke, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Aputula, wà létí odò tí Stuart sọ lórúkọ William Finke, ọ̀kan nínú àwọn tó ná owó sí ìrìn-àjò rẹ̀. Wọn kò gba ọtí láyè níbẹ̀: ẹ má gbé e wọlé. Ṣọ́ọ̀bù ìlú ń ta epo, ṣùgbọ́n kì í ṣí ní gbogbo ìgbà.

Bí ẹ bá máa wà níbẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ẹ wo kàlẹ́ńdà. Wọ́n ń fi ọkọ̀ àti alùpùpù sáré láti Alice Springs wá sí Finke ní ìsinmi ọjọ́ ìbí ọba, wọn a sì ti ọ̀nà tó kàn yìí.

Ọjọ́ Kẹfà: Finke sí Chambers Pillar

Ojú irin Ghan àtijọ́ la tọ̀ gba Engoordina, Bundooma àti Rodinga. Wọ́n ti kó irin rẹ̀ lọ, ìṣó ńlá tó de irin mọ́ pákó ló kù sílẹ̀ nínú iyanrìn, ó gùn tó ìka ọwọ́, ó sì nípọn jù ú lọ. Òun ló ń gún táyà níbí. Ẹ má yà kúrò lójú ipa tí ọkọ̀ ti tẹ̀, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ojú irin gbà.

Bí ìṣó bá wọ ojú táyà, ẹ má tíì yọ ọ́. Ẹ sàmì sí ibẹ̀ ná, kí ẹ sì ti irinṣẹ́ síta. Ẹ fi pílàsì fà á yọ, ẹ ki irin onígbáàrá bọ inú ihò náà, ẹ yí i lọ bọ̀ títí yóò fi rọrùn láti wọ inú àti láti jáde. Ẹ fi okùn rọ́bà kọ́ abẹ́rẹ́ olójú, ẹ fi gáàmù pa á, ẹ tì í wọlé títí orí rẹ̀ méjèèjì yóò fi ku bíi sẹ̀ǹtímítà kan síta, ẹ wá fa abẹ́rẹ́ yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò ìṣó yìí tóbi. Okùn méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń gbà. Ẹ fẹ́ táyà, ẹ da omi ọṣẹ sí i, bó bá ń hó, kò tíì dí. Ṣùgbọ́n bí ìṣó bá wọ ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ má fi àkókò ṣòfò, ẹ gbé sípíà sí i: ẹ̀gbẹ́ máa ń tẹ̀, yóò sì pọ okùn náà jáde.

Láti Maryvale, bíi 44 km ló kù dé Chambers Pillar. Ọ̀nà náà gun orí òkè òkúta kan tó ga gan-an, lẹ́yìn rẹ̀ ló wá di òkìtì iyanrìn lé òkìtì iyanrìn. Ẹ so àsíá pupa mọ́ igi gígùn níwájú ọkọ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ láti òdìkejì òkìtì lè rí i, ẹ sì máa kéde lórí rédíò. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wálẹ̀ sí 18 psi. Ẹ mú jíà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí gun òkìtì, ẹ má yí i láàárín. Bí ọkọ̀ bá kọ̀, ẹ má tẹ iná mọ́ ọn: táyà tó ń yí lójú kan ń gbẹ́ sàréè ni. Ẹ fi rìfáàsì padà sẹ́yìn lójú ipa tí ẹ gbà wá, ẹ dín 2 psi sí i, ẹ tún gùn ún. Ẹ má fa tírélà wá síbí.

Stuart dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà oṣù Kẹrin 1860, ó sì fi orúkọ James Chambers, ẹni kejì tó náwó sí i, pe òpó òkúta pupa náà. Itirkawara ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onílẹ̀: baba ńlá alágbára kan tó fẹ́ obìnrin tí àṣà kò jẹ́ kó fẹ́, tí wọ́n lé jáde, tí ó di òkúta. Obìnrin náà ni àpáta kejì tó wà nítòsí. Àwọn arìnrìn-àjò àtijọ́ gbẹ́ orúkọ sí ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ tirẹ̀ lónìí ti rú òfin. Àṣálẹ́, nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ni kí ẹ wò ó. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń san owó ibùdó, kí ẹ tó fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀.

Ọjọ́ Keje: Chambers Pillar sí Alice Springs, bíi 160 km

Ẹ fẹ́ táyà padà kí ẹ tó dé ọ̀dà. Alice Springs, tí àwọn Arrernte tó ni ilẹ̀ ń pè ní Mparntwe, ń jẹ́ Stuart lábẹ́ òfin títí di 1933, bẹ́ẹ̀ Stuart kò gba ibẹ̀ kọjá ní 1860, ìwọ̀-oòrùn ló gbà. Ọjọ́ mẹkáníìkì ni ọjọ́ yìí: ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ṣọ́ọ̀kì, ilé búréèkì, àti òróró jíà, kí wọ́n sì fọ ráidiétọ̀ láti ẹ̀yìn, kí irúgbìn koríko tó dí i lè jáde.

Ọjọ́ Kẹjọ: Stuarts Pass

Àárín oṣù Kẹrin ni Stuart dé òkè MacDonnell. Ó tọ odò Hugh gba àárín rẹ̀, ó sì gun Brinkley Bluff, bíi mítà 1,209. Láti Namatjira Drive, ọ̀nà jíìpù kan lọ sí Birthday Waterhole, nítòsí àlàfo tó ń jẹ́ Stuarts Pass báyìí. Ìpele kan lára ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ Larapinta gba orí Brinkley Bluff láti Standley Chasm, bíi 18 km. Kò sí omi lórí rẹ̀ rárá: lítà 4 ó kéré tán fún ẹnì kan, 6 bí ẹ bá máa sùn sókè. Láti orí òkè yìí ni ohun tí Stuart dojú kọ ti hàn kedere. Gúúsù ní odò tó ń tọ́ni. Àríwá jẹ́ igbó ẹlẹ́gùn-ún pẹrẹsẹ, kò sì sí ìsun kankan tó tò lọ níwájú mọ́. Láti ibẹ̀ lọ, ẹṣin rẹ̀ ń lo ọjọ́ méjì, mẹ́ta láìmu omi.

Ọjọ́ Kẹsàn-án: Alice Springs sí Tennant Creek, bíi 505 km

Ọ̀dà ni gbogbo rẹ̀, eré 130 ni òfin gbà. Ewu ibẹ̀ ni tírélà alásopọ̀, tí gígùn rẹ̀ lè tó mítà 53.5: kí ẹ tó yà á sílẹ̀, ẹ rí i pé ó tó kìlómítà kan gbáko tó mọ́ níwájú. Ẹ jáwọ́ nínú wíwakọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kangarú àti màlúù á ti wà lójú títì.

Ní àríwá Ti Tree ni Central Mount Stuart wà. Stuart ṣírò rẹ̀ lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹrin pé òun ti dé àárín Ọsirélíà. Lọ́jọ́ kejì, òun àti Kekwick gun òkè náà, wọ́n ri àsíá mọ́lẹ̀. Orúkọ Sturt, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ló fi pè é. Àwọn mìíràn ló yí i padà sí Stuart. Ní 1988, àwọn awọnlẹ̀ fi ìṣirò míì gbé àárín náà sí ìwọ̀-oòrùn ìlú Finke.

Ní Barrow Creek, ẹ dúró. Ilé-iṣẹ́ wáyà olókùúta ṣì wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejì 1874, àwọn Kaytetye, tó ni ilẹ̀ náà, kọlu ibẹ̀, òṣìṣẹ́ méjì kú, Stapleton àti Franks. Àwọn ọlọ́pàá àti àwọn tó bá wọn lọ pa ọ̀pọ̀ Kaytetye láti gbẹ̀san, kò sí òkúta ìrántí tó kọ orúkọ wọn bí ó ṣe kọ ti òṣìṣẹ́ méjì yẹn. Orí omi tí àwọn Kaytetye ń mu ni ilé-iṣẹ́ náà jókòó sí. Ẹni tó bá ka ìwé Stuart gẹ́gẹ́ bí ìwé omi nìkan, tí kò ka èyí mọ́ ọn, ìdajì ló kà.

Ọjọ́ Kẹwàá: Attack Creek

Bíi 70 km sí àríwá Tennant Creek, lẹ́bàá títì, òkúta ìrántí kan wà. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹfà 1860, àwọn jagunjagun Warumungu yọ sí Stuart àti àwọn ọkùnrin méjì tó kù. Wọ́n ju ọ̀kọ̀ àti búmẹ́ráàǹgì, wọ́n tiná bọ koríko. Àwọn mẹ́ta náà yìnbọn. Stuart ro ohun tó kù lọ́wọ́: oúnjẹ ti ń tán, ẹṣin ti rù, àrùn àìrí èso àti ewébẹ̀ jẹ ti mú òun fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti ń fọ́. Ó yí padà. Oṣù Kẹwàá ló tó dé Adelaide. Òkúta náà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ilẹ̀ Warumungu ni, omi Warumungu ni, ọkùnrin mẹ́ta tó gbé ìbọn sì wọlé láìtọrọ. Òye ìjà náà kò ṣòroó yé.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Stuart padà wá pẹ̀lú ọkùnrin méjìlá lápapọ̀ àti ẹṣin 49, ó kọjá ibí dé Newcastle Waters, igbó ṣíṣù tí kò lómi ló dá a dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, Threeways tó wà ní 25 km sí Tennant Creek ni ilé epo tó sún mọ́ jù ní gúúsù, Renner Springs ni ní àríwá.